Ọba Tí Wọ́n Tẹ̀ Mọ́lẹ̀ Ni Wọ́n Ń Kí Káàbọ̀: Àgbéyẹ̀wò Ọdún Ìkórè àti Ọdún Ìbílẹ̀ ní Kerala, Etíkun Íńdíà

Ìfáàrà

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ pé kí ni ọdún ìkórè, ìdáhùn tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé ọdún ìdúpẹ́ ni: oko so, a kórè, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rọ òjò. Ìdáhùn yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ní ìpínlẹ̀ Kerala, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn gúúsù orílẹ̀-èdè Íńdíà, ọdún ìkórè tó gbajúmọ̀ jù lọ kò dá lórí òrìṣà tó fúnni ní ìkórè. Ó dá lórí ọba kan tí òrìṣà fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ. Ọba tí ó pàdánù ni àwọn ènìyàn ń gbálẹ̀ dè. Òun ni wọ́n ń to òdòdó sí ojúde fún. Nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹun yó lọ́jọ́ náà. Ohun tó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí bẹ́ẹ̀, kí a sì wo àwọn ọdún mìíràn ní agbègbè kan náà tí yóò ràn wá lọ́wọ́ láti lóye rẹ̀.

Kerala kò ṣàjèjì pátápátá sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ ará Íńdíà tó wá kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama Nàìjíríà ní nǹkan bí 1970 sí 1985 ló jẹ́ ọmọ Kerala. Àwọn kan tó ti di olùkọ́ àgbà láàárín wa lónìí kàwé lọ́wọ́ wọn láì mọ irú ọdún tí àwọn olùkọ́ wọn ń ṣe nílé.

Ilẹ̀, Òjò àti Ìrẹsì

Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni Kerala. Òkun Arébíà wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ọ̀wọ́ òkè gíga tí wọ́n ń pè ní Western Ghats sì wà ní ìlà-oòrùn. Etíkun rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 590 kìlómítà. Ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1956 ni wọ́n dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpínlẹ̀, nígbà tí wọ́n kó àwọn ilẹ̀ tó ń sọ èdè Malayalam pọ̀ sábẹ́ ìjọba kan. Ètò ìkànìyàn ọdún 2011 fi hàn pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ ju mílíọ̀nù 33 lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bí 55 jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù, bí 27 jẹ́ Mùsùlùmí, bí 18 sì jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Kí òǹkàwé fi iye yìí sọ́kàn, nítorí ọdún tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò mọ sí ọ̀dọ̀ ẹlẹ́sìn kan.

Òjò ni ó ń pín ọdún fún wọn. Òjò àkọ́kọ́ máa ń ti ojú òkun wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, yóò lu àwọn òkè gíga wọ̀nyẹn, yóò sì máa rọ̀ títí di oṣù Kẹsàn-án. Òjò kejì, tí kò le tó ti àkọ́kọ́, a máa rọ̀ ní oṣù Kẹwàá àti Ìkọkànlá. Ìrẹsì tí wọ́n ń gbìn sí akùrọ̀ ni oúnjẹ wọn. Ìkórè ìrẹsì àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní Virippu, a máa bọ́ sí oṣù Kẹjọ sí Ìkẹsàn-án. Wọ́n ní kàlẹ́ńdà tiwọn, tí ìkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 825 lẹ́yìn ìbí Kírísítì. Nínú kàlẹ́ńdà yìí, oṣù tó kẹ́yìn ọdún ni Karkidakam, láti ìdajì oṣù Keje sí ìdajì oṣù Kẹjọ. Oṣù ìyà ni Karkidakam láyé àtijọ́: òjò kò dá, iṣẹ́ oko dúró, àká ti ṣófo, àìsàn sì ń jà. Títí di òní, àwọn ilé Híńdù máa ń ka ìtàn Ramayana ní gbogbo oṣù náà, wọ́n sì ń mu ọ̀gì ìrẹsì tí wọ́n fi ewé àti egbò sè kí ara lè le. Lẹ́yìn náà ni Chingam, oṣù àkọ́kọ́ ọdún, yóò wọlé. Òjò yóò dá díẹ̀, oòrùn yóò yọ, òdòdó yóò tanná lẹ́bàá ọ̀nà, ìrẹsì yóò sì pọ́n. Inú oṣù Chingam ni Onam máa ń bọ́ sí. Ẹni tí kò bá mọ bí Karkidakam ṣe korò kò lè mọ ìdí tí Onam fi dùn.

Ìtàn Ọba Mahabali

Mahabali, tí ẹnu àwọn ará ìlú ti sọ di Maveli, jẹ́ ọba láti ìran Asura, ìyẹn ìran tí ó máa ń bá àwọn òrìṣà jagun nínú ìtàn Híńdù. Nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Kerala, kò sí olówó kò sí tálákà nígbà ayé rẹ̀. Kò sí irọ́, kò sí òṣùwọ̀n èké lọ́jà, ọmọdé kì í sì í kú ikú àìtọ́jọ́. Agbára ọba yìí pọ̀ débi pé ó gba ayé, ó gba ọ̀run, àwọn òrìṣà kò sì ríbi jókòó mọ́. Wọ́n ké pe Vishnu.

Vishnu kò kó ogun wá. Aràrá ọmọ Brahmin kan tí ó mú agbòòrùn imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́ ni ó wá. Vamana ni orúkọ rẹ̀. Mahabali ń rúbọ lọ́wọ́ ní àkókò náà, ọba tó bá sì ń rúbọ kò gbọdọ̀ dá ẹni tó wá tọrọ padà lọ́wọ́ òfo. Ilẹ̀ ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni aràrá náà tọrọ. Shukracharya, olùkọ́ ọba, fura, ó sì kìlọ̀. Ọba ní òun ti ṣèlérí. Bí ó ti da omi ìlérí sílẹ̀ báyìí ni aràrá bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ó fi ìṣísẹ̀ kan bo gbogbo ayé, ó fi èkejì bo gbogbo ọ̀run, ó wá béèrè ibi tí òun yóò gbé ẹ̀kẹta lé. Mahabali tẹrí ba, ó ní kí ó gbé e lé òun lórí. Ẹsẹ̀ yẹn ni ó tì í wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni ọba náà bẹ̀: kí òun lè máa padà wá wo àwọn ènìyàn òun lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Wọ́n gbà fún un. Ọjọ́ tí ó ń padà ni wọ́n ń pè ní Thiruvonam.

Ìtàn yìí wà nínú àwọn ìwé mímọ́ Híńdù kí ó tó di ti Kerala. Nínú Bhagavata Purana, etí odò Narmada, tó jìnnà réré sí Kerala ní ìhà àríwá, ni Mahabali ti ń rúbọ, agbára àti àánú Vishnu sì ni ìtàn náà ń gbé ga. Àwọn ará Kerala gbé e wá sílé. Thrikkakara, nítòsí Kochi, ni wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀, tẹ́ńpìlì tó sì wà níbẹ̀, Vamana ni wọ́n ń bọ nínú rẹ̀. Ìtàn mìíràn tí wọn kò fi ṣeré sọ pé Parashurama ni ó ju àáké sínú òkun tí ilẹ̀ Kerala fi yọ jáde. Vamana sì ni ìfarahàn karùn-ún tí Vishnu ṣe nínú ayé, Parashurama ni ẹ̀kẹfà. Bí a bá tẹ̀lé ètò yìí, Kerala kò tíì jáde láti inú omi nígbà tí Mahabali ń jọba níbẹ̀! Kò sí ẹni tí èyí dí lọ́wọ́ ọdún ṣíṣe. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ alohùn mọ̀ pé ohun tí àwùjọ fẹ́ sọ nípa ara rẹ̀ ni ìtàn ìwáṣẹ̀ máa ń bá a sọ.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí jù lọ ni pé Thiruvonam jẹ́ ìràwọ̀ Vishnu. Ní ti kàlẹ́ńdà, ọjọ́ aṣẹ́gun ni. Ní ẹnu àwọn ènìyàn, ọjọ́ ẹni tí a ṣẹ́gun ni. Yorùbá ní ẹni tó jọba tí ìlú tòrò, wọn kò ní gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó jọba tí ìlú túká, wọn kò ní gbàgbé rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ yẹn ni Mahabali.

Ọjọ́ Mẹ́wàá Onam

Láti ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Atham títí di Thiruvonam jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá. Ní àárọ̀ Atham, wọn yóò gbá iwájú ilé, wọn yóò to òdòdó sílẹ̀ ní òbíríkítí kékeré kan. Pookalam ni wọ́n ń pè é. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi kún un tí yóò fi fẹ̀ dáadáa. Láyé àtijọ́, àwọn ọmọdé ló ń jí lọ sí pápá láti ṣa òdòdó, pàápàá thumba, òdòdó funfun wẹ́wẹ́ kan tó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà tí kò sí ẹni tó ń gbìn ín. Òdòdó tí kò níye lórí yìí ni wọ́n ní Maveli fẹ́ràn jù. Wọ́n tún máa ń fi amọ̀ mọ ohun kan tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, wọn yóò gbé e sí àárín òdòdó. Thrikkakara Appan ni orúkọ rẹ̀. Ilé kan lè sọ fún ọ pé Vamana ni, kí ilé kejì sọ pé Maveli ni.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìrọ́kẹ̀kẹ̀ ọjà. Ní ọjọ́ kẹwàá, àgbà ilé yóò fún gbogbo ènìyàn ní aṣọ tuntun, wọn yóò sì jókòó ti sadya. Orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń bu oúnjẹ yìí sí, ṣóńṣó ewé yóò sì kọjú sí ọwọ́ òsì ẹni tí ń jẹun. Kò sí ẹran, kò sí ẹja. Ìrẹsì ni olórí, àwọn ọbẹ̀ àti ohun ìpanu a sì tò yí i ká, wọ́n lè tó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: avial, tí wọ́n fi oríṣiríṣi ewébẹ̀ àti àgbọn sè, sambar, èso kíkan tí wọ́n fi ata pa, ìpékeré tí wọ́n fi òróró àgbọn dín. Payasam, tó dùn bí oyin, ni wọ́n fi ń kádìí rẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n ń bu fún gbogbo ẹni tó bá jókòó, ní ìtòtẹ̀léra kan náà.

Eré pọ̀ ní àkókò yìí. Ní Thrissur, ní ọjọ́ kẹrin Onam, àwọn ọkùnrin oníkùn ńlá a máa kun ara wọn bí ẹkùn, wọn a sì máa jó káàkiri ìgboro. Ní Aranmula, lórí odò Pampa, ọkọ̀ gígùn tí ìdí rẹ̀ ga sókè bí orí ejò ni wọ́n ń fi àjẹ̀ wà bí wọ́n ti ń kọrin. Ìdíje ọkọ̀ ti Alappuzha ni ayé mọ̀ jù, ṣùgbọ́n ọdún 1952 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Jawaharlal Nehru, olórí ìjọba Íńdíà, ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀. Ní tiwa, èyí tó wọ̀ wá lọ́kàn jù ni Onapottan ti àríwá Kerala. Ọkùnrin kan láti ìdílé Malayan, tí ètò àwùjọ àtijọ́ kò kà sí, yóò kun ojú, yóò dé adé, yóò mú agbòòrùn imọ̀ ọ̀pẹ, yóò sì máa lọ láti ilé dé ilé ní ipò Maveli. Kì í sọ̀rọ̀. Agogo ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ọba ti dé.

Ta Ni Ó Ń Jẹ Àjẹyó?

Òwe Malayalam kan sọ pé bí ó bá tilẹ̀ gba kí ènìyàn ta kanam rẹ̀, kí ó rí i pé òun jẹ oúnjẹ Onam. Àwọn ènìyàn máa ń pa òwe yìí láti fi hàn bí ọdún náà ti ṣe pàtàkì tó. Ṣùgbọ́n kí ni kanam? Ẹ̀tọ́ láti dá oko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni, èyí tí ẹni tí ń dáko san owó lé. Ẹni tó bá ta kanam rẹ̀ nítorí ọdún, ó ti ta ibi tí ìkórè ọdún tó ń bọ̀ yóò ti wá. Àkókò Onam kan náà ni àwọn tí ń dáko ń ru ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dára jù lọ sílé onílẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni àwa ìbá pe irú èyí. Onílẹ̀ náà a máa fún wọn ní aṣọ. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé gbogbo ènìyàn ń dọ́gba lọ́jọ́ Onam, ó yẹ kí a béèrè ẹni tí ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹni tí ó gbà á.

Ètò ipò àbínibí le ní Kerala ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní Íńdíà lọ. Ipò tí wọ́n bí ènìyàn sí ni yóò sọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí yóò fẹ́, àti bí yóò ti jìnnà tó sí ẹlòmíràn. Wọ́n ní òdiwọ̀n iye ìṣísẹ̀ tí ẹni ìsàlẹ̀ gbọdọ̀ fi sílẹ̀ láàárín òun àti Brahmin kí ó má baà sọ ọ́ di aláìmọ́. Àwọn ọ̀nà kan wà tí wọn kò gbọdọ̀ rìn. Láàárín 1924 sí 1925, àwọn ènìyàn jókòó ní Vaikom láti jà fún ẹ̀tọ́ láti rin ọ̀nà tó yí tẹ́ńpìlì ìlú náà ká. Ọjọ́ kejìlá oṣù Kọkànlá ọdún 1936 ni ọba Travancore tó pàṣẹ pé kí a ṣí tẹ́ńpìlì ìjọba sílẹ̀ fún gbogbo Híńdù.

Inú irú àwùjọ yìí ni wọ́n ti ń kọ orin Maveli, orin tí kò sí ọmọ Kerala tí kò mọ̀ ọ́n, tó ń sọ nípa ìgbà tí gbogbo ènìyàn dọ́gba. Àwọn kan lè pè é ní àlá. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Orin tí ń rántí ìdọ́gba níbi tí ìdọ́gba kò sí, ẹjọ́ ló ń rò. Sahodaran Ayyappan gbọ́ ẹjọ́ náà yé. Òun ni ó pe àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi ipò jọ ní Cherai lọ́dún 1917 pé kí wọ́n jọ jókòó jẹun pọ̀, ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ bú u gan-an. Ó mú orin Maveli, ó sì tún un kọ, ó fi béèrè ẹ̀tọ́ ọba tí wọ́n fi ẹ̀tàn lé lọ. Ètò onílẹ̀ àti àwọn tó ń sìn ín kò dópin ní ti òfin títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1970, nígbà tí òfin àtúnṣe ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ẹni tí ń dáko fi di onílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìjọba Kerala ti sọ Onam di ọdún gbogbo ará ìpínlẹ̀ láti 1961. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì náà ń to òdòdó, wọ́n ń se sadya, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú ẹ̀sìn méjèèjì kò fara mọ́ ọn. Ìjà lórí ẹni tó ni ọdún kò tíì tán. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, nígbà tí Onam ku ọjọ́ kan, Amit Shah, tí í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ òṣèlú BJP nígbà náà, kí àwọn ènìyàn kú ọdún ìbí Vamana lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àwòrán tí Vamana ti gbé ẹsẹ̀ lé ọba lórí. Ariwo gba Kerala kan. Pinarayi Vijayan, olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà nígbà náà, ní ìwọ̀sí ni. Bí a bá wo ìwé mímọ́, Amit Shah kò purọ́: ọjọ́ Vamana ni. Ohun tí kò rò ni pé àwọn tó kí ti yan ẹni tí wọ́n ń ṣọdún fún tipẹ́tipẹ́.

Vishu: Ohun Tí Ojú Kọ́kọ́ Rí

Nígbà tí Onam ń kí ìkórè, Vishu ń kí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oko. Ọjọ́ kìíní oṣù Medam ni, ìyẹn ọjọ́ kẹrìnlá tàbí ìkẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹrin. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìyá àgbà inú ilé yóò to kani sínú àwo idẹ ńlá kan: ìrẹsì, apálá aláwọ̀ wúrà, àgbọn, aṣọ funfun, owó ẹyọ, jígí, àti òdòdó konna tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ère Krishna yóò wà lẹ́yìn wọn. Ní ìdájí, yóò tan fìtílà, yóò máa fi ọwọ́ bo ojú àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò fà wọ́n wá síwájú àwo náà kí ó tó ní kí wọ́n lajú. Ohun tí ojú bá kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n gbà pé ọdún yóò fi jọ. A fẹ́ràn jígí inú àwo yẹn: láàárín ọrọ̀ wọ̀nyí, ọmọ náà yóò rí ojú ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn àgbà yóò fún àwọn ọmọdé lówó. Láyé àtijọ́, ọjọ́ Vishu ni àwọn àgbẹ̀ ń fa ìlà ìtúlẹ̀ àkọ́kọ́ lórí oko.

Theyyam: Nígbà Tí Òrìṣà Bá Gun Ẹni Ìsàlẹ̀

Ní agbègbè Kannur àti Kasaragod, ní àríwá, láti ìparí oṣù Kẹwàá títí di nǹkan bí ìparí oṣù Karùn-ún, òru ọjọ́ kan kì í lọ láìsí Theyyam níbì kan. Ọ̀rọ̀ náà jáde láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí òrìṣà. Oríṣi rẹ̀ ju 400 lọ: òrìṣà obìnrin, akọni ogun, ẹni tí wọ́n pa láìṣẹ̀, ẹranko inú ìtàn. Àwọn tó ń ṣe é wá láti àwọn ìdílé tí ètò ipò àbínibí fi sí ìsàlẹ̀, bíi Vannan, Malayan àti Pulaya. Ẹ̀tọ́ ìdílé ni. Ẹni gíga kò lè gbà á ṣe.

Ẹni tí yóò ṣe é yóò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lọ́jọ́ náà, yóò dùbúlẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ kí wọ́n lè fi àwọ̀ pupa, dúdú àti funfun kun ojú rẹ̀ wínníwínní. Wọn yóò fi ọ̀mùnú imọ̀ àgbọn ṣe aṣọ fún un gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń lo màrìwò. Wọn yóò kọ thottam, orin ìtàn òrìṣà náà, ìlù yóò sì máa le sí i. Nígbà tí wọ́n bá ti gbé adé lé e lórí, wọn yóò fi jígí kékeré kan lé e lọ́wọ́. Yóò wo ojú inú jígí náà. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé òrìṣà ni ó rí níbẹ̀. Láti ìṣẹ́jú yẹn, onílẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ó sún mọ́ ilé òun yóò tẹrí ba fún un, yóò to ẹjọ́ ilé rẹ̀ síwájú rẹ̀, yóò sì gba ìbùkún lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí olùkọ́ èdè ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí yóò lò níbí. Ó rọrùn láti pe Theyyam ní egúngún nítorí ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ń ṣe é kò fara sin, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, kì í sì í ṣe òkú ìdílé nìkan ni ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Èyí tó sún mọ́ ọn nínú èdè wa ni ẹlẹ́gùn, ẹni tí òrìṣà gùn.

Pottan Theyyam ló sọ ọ̀rọ̀ ìdọ́gba jáde ní gbangba jù. Nínú ìtàn rẹ̀, ọkùnrin Pulaya kan pàdé ọ̀mọ̀ràn ńlá Shankara lójú ọ̀nà tóóró. Shankara ní kí ó yà. Ó kọ̀, ó sì béèrè bí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì yóò bá yàtọ̀ tí ọ̀bẹ bá ya ara wọn. Ẹni tó ń ṣe Pottan a máa dùbúlẹ̀ sórí òkìtì ẹyin iná, a sì máa ṣe bí ẹni pé òtútù ń mú òun. Muthappan ní tirẹ̀ ń gba ẹmu àti ẹja, ajá sì ń rìn fàlàlà ní tẹ́ńpìlì rẹ̀ ní Parassinikkadavu, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é lójoojúmọ́. Theyyam tó dá lórí Mùsùlùmí pàápàá wà, bíi ti Aali ní Kasaragod. Ọkùnrin ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, àfi Devakoothu ti Thekkumbad, tí obìnrin máa ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yóò mọ́. Wọn yóò bọ́ adé, wọn yóò nu àwọ̀ ojú rẹ̀ kúrò, òrìṣà àná yóò sì padà sí ilé rẹ̀ pẹ̀lú owó díẹ̀. Àwọn kan sọ pé ọgbọ́n tí àwọn onílẹ̀ fi ń jẹ́ kí inú tó ń ru rọlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àwùjọ tó bá ń gbọ́ ìbéèrè Pottan lọ́dọọdún láti ẹnu ẹni tí ó tẹrí ba fún kò lè sọ pé òun kò gbọ́ ọ rí.

Pooram àti Erin

A kò ní pẹ́ lórí Thrissur Pooram. Shakthan Thampuran, ọba Kochi láti 1790 sí 1805, ló dá a sílẹ̀ nígbà tí òjò dá àwọn tẹ́ńpìlì Thrissur dúró tí wọ́n fi pẹ́ dé ọdún Arattupuzha, tí wọn kò sì gbà wọ́n wọlé. Títí di òní, ẹ̀gbẹ́ méjì, Paramekkavu àti Thiruvambady, a máa to erin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kojú ara wọn, wọn a sì máa pààrọ̀ agbòòrùn aláràbarà lórí wọn bí ìlù chenda ti ń dún. Ẹwà rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ, ewu rẹ̀ náà sì kò kéré. Níbi ọdún tẹ́ńpìlì mìíràn, ní Puttingal ní agbègbè Kollam, báńgà gbaná ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin 2016, ó sì pa ènìyàn tó ju 100 lọ. Nípa ìyà tí ń jẹ erin, tẹ́ńpìlì kan ní agbègbè Thrissur gba erin tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe lọ́dún 2023, òun sì ni wọ́n ń lò báyìí.

Ìkórè Láìsí Oko

Ní nǹkan bí 1975, ilẹ̀ tí wọ́n fi ń gbin ìrẹsì ní Kerala tó nǹkan bí 880,000 hẹ́kítà. Lónìí, ó wà ní àyíká 200,000. Rọ́bà àti àgbọn mówó wọlé ju ìrẹsì lọ, ilé gba akùrọ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì lọ ṣiṣẹ́ ní àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá. Òfin ọdún 2008 ka dídí akùrọ̀ pa léèwọ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ ti lọ kí òfin tó dé. Ìrẹsì orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Òdòdó ojúde ń wá nínú ọkọ̀ akẹ́rù láti Tamil Nadu àti Karnataka. Thumba kò sí ní ọjà.

Akùrọ̀ tí wọ́n dí ni omi ì bá gbà. Ní oṣù Kẹjọ 2018, nígbà tí Onam kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, omíyalé pa ènìyàn tó ju 400 lọ. Ìjọba fagi lé ayẹyẹ. Àwọn apẹja etíkun, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, di ọkọ̀ wọn sórí ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n sì wá kó àwọn ará ìgbèríko kúrò lórí òrùlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe Thiruvonam ní ibùdó tí wọ́n kó wọn sí. Wọ́n to òdòdó sílẹ̀, wọ́n sì jọ jẹun láì béèrè ẹni tó sè é. Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Keje 2024, òkè ya ní Wayanad, ó bo abúlé mọ́lẹ̀, ó sì pa ènìyàn tó ju 200 lọ. Ìjọba tún fagi lé ayẹyẹ tirẹ̀ lọ́dún náà.

Ní àìpẹ́ yìí, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Kudumbashree, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1998 láti gbógun ti ìṣẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin òdòdó fún Onam sórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dá mọ́. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ti ń yá ilẹ̀ láti gbin ìrẹsì àti ewébẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Kí Atham tó pé ni wọ́n ń já òdòdó náà, tí wọ́n sì ń gbé e lọ sí ọjà fúnra wọn.